Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Sínú Àpótí Ọdún Tó Ń Bọ̀

Ọmọ mi, jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Mo mọ̀ pé orí ìrìn lo ti máa ń ka nǹkan lórí fóònù rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sórí bébà, tí mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ apòòwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà rọrùn láti ṣí níbi tí èrò wà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje. Mo ti rò pé n ó gbé e wọ ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mo sì ti rí i pé bí mo bá tún dákẹ́, ìwọ ló máa jìyà rẹ̀. Nítorí náà n ó sọ ọ́ tán pátá. Bí o bá ka ìdajì tí ara rẹ kò gbà á, gbé e sílẹ̀, mu omi, kí o tún padà síbẹ̀. Inú ìdajì kejì ni ọ̀rọ̀ tìẹ wà.

Lọ́jọ́ Ajé, o fi àwòrán fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí mi, ti ilé ìwòsàn tí wọn yóò ti bá ọ dín ọyàn rẹ kù. O ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó bóyá mo kọ ọ́ dáadáa. Ẹ tún sọ fún mi, oṣù wo ló dáa jù kí n ṣe é? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù." O fi ojú kékeré tó ń rẹ́rìn-ín sí ìdí rẹ̀. Lóòótọ́, èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Ọdún méjìlélógún ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà dókítà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ara ṣe, tí mo ń fún àwọn èèyàn lọ́jọ́. Ìyá Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, láti orí dókítà títí dé orí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Tábìlì mi wà láàárín ilẹ̀kùn àbáwọlé àti ìgò omi ńlá kan tó máa ń dún gbùlù-gbùlù bí ẹnikẹ́ni bá bu omi mu nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ imú tuntun, àwọn tó fẹ́ kí ikùn wọn padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó bímọ, àwọn tí ìpéǹpéjú wọn ti wó bo ojú, èmi ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń rí kí wọ́n tó rí dókítà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ló dáa jù?" Ọkùnrin kan bi mí bẹ́ẹ̀ tó fi ìwé ìròyìn bo imú rẹ̀, bí ẹni pé imú ọ̀hún ń gbọ́ wa.

Èsì mi wà lẹ́nu mi bí orúkọ mi. Ìgbà òtútù ni. Mo máa ń fi ìka kà á fún wọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, aṣọ kan wà tó máa ń fún mọ́ni lára pinpin, tọ̀sán-tòru ni wọn yóò fi wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ta ló fẹ́ wọ irú rẹ̀ nígbà ooru kí òógùn máa ṣàn sójú ọgbẹ́? Oòrùn máa ń jẹ́ kí ojú àpá dúdú. Ara a máa wú ju bó ṣe yẹ lọ bí ilẹ̀ bá gbóná. Nígbà òtútù, èèyàn á wọ aṣọ tó nípọn, aládùúgbò ò ní mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mi ò fi kún un ni èyí tí dókítà fúnra rẹ̀ máa ń sọ: pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán ni ọ̀rọ̀ ìgbà, pé ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó sì ráyè jókòó sílé, lè ṣe é nínú oṣù yòówù, àti pé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà kankan. Mo máa ń fo ìyẹn torí pé ó ń mú kí ọ̀rọ̀ gùn, èrò sì pọ̀ níwájú mi.

Mo ní láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọ, torí ibẹ̀ ni mo gbà ṣe ohun tí mo ṣe. Àpótí onírin mẹ́ta wà lẹ́yìn àga mi. Aláwọ̀ búlúù ni ti ìgbà òtútù tó kàn, pupa ni ti ìgbà ooru, aláwọ̀ eérú ni ti ìgbà òtútù ọdún tó ń bọ̀, fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì dilẹ̀. Bí ọdún bá yí, ohun tó wà nínú aláwọ̀ eérú ni a ó kó sínú búlúù. Ẹni tó bá wá yóò kọ fọ́ọ̀mù, èmi ni n ó fi fọ́ọ̀mù náà sínú àpótí tó yẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í kà á títí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìgbà náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì àgbà yóò gbé àpótí lọ sínú yàrá rẹ̀, tí yóò mú gègé pupa, tí yóò máa ka fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìdáhùn inú rẹ̀ bá kọ ọ́ lóminú, yóò fà á yọ, dókítà yóò sì ní ká pe ẹni náà kó wá lọ́jọ́ kejì, ìgbà yòówù kó jẹ́. Ojú obìnrin yẹn mú. Kò sí ohun tó lè fò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá gbé sí iwájú rẹ̀ nìkan ló lè kà.

Ìyá tó bí ọ nìkan ni àbúrò tí mo ní. Dúdú là ń pè é nílé. Níta, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, Àyà-ń-bọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àyà rẹ̀ ti máa ń wọ yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni, o rántí ìyẹn, torí o máa ń sùn lábẹ́ máṣíìnì rẹ̀ lórí àjákù aṣọ. Ohun tí o kò lè rántí ni bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn ún. Okùn kọ́mú ti gbẹ́ kòtò sí èjìká rẹ̀ méjèèjì, débi pé mo lè fi ìka sínú rẹ̀. Ó gé tìmùtìmù pẹlẹbẹ, ó rán an mọ́ abẹ́ okùn náà, ó ní òun ti di oníbàárà ara òun, oníbàárà tó le jù lọ sì ni.

Òun ló ń gbé pẹ̀lú màmá wa. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú màmá, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyá rẹ ló ń gbé e kúrò lórí ibùsùn láràárọ̀, tó ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, tó ń gbé e jókòó, tó ń gbé e padà. Màmá wa kì í sì í ṣe èèyàn kékeré. Èmi ń gbé ní òpópónà kejì sí wọn, nínú yàrá méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí mo fi kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí fèrèsé rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń lọ. N ó ra ọsàn àti búrẹ́dì dání, n ó jókòó fún wákàtí kan, n ó béèrè pé, "Ṣé kò sí o?", n ó sì dìde. Ìyá rẹ kò fi ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí rí. Ó máa ń sìn mí dé ẹnu géètì.

Ó wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan tó jẹ́ pé ìgbà òtútù ṣì ku oṣù méjì gbáko kó tó parí. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí dókítà yín bá mi dín ẹrù yìí kù. Ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán. Ṣé mo lè ṣe é báyìí?" Inú mi dùn, kí n má purọ́ mọ́ ara mi. Mo ti la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ló ní, "Wọ́n ní téèyàn bá ṣe é tán, kò ní lè gbé nǹkan?" Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. O ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju kẹ́tùlù lọ." Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà, màmá ńkọ́? Ó di ọwọ́ yín nìyẹn o!" Ẹ̀rín ló ń rín. Èmi rí ara mi nínú yàrá màmá. Mo rí ike ìtọ̀. Mo rí ìhòòhò ìyá mi tí mi ò rí rí, mo gbọ́ bí yóò ṣe máa pè mí láti yàrá kejì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Mo ní, "Ó ti pẹ́ jù lọ́dún yìí, Dúdú. Ooru ti fẹ́ dé. Dúró de ìgbà òtútù tó ń bọ̀, ìgbà yẹn ló dáa jù." Bí irọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí nìyẹn, kò sì le rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù," ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò kórìíra ìyá rẹ. Ì bá sàn ká ní mo kórìíra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá ní orí àti ìdí. Mi ò jowú rẹ̀, a kò jà lórí ohunkóhun. Mi ò kàn fẹ́ gbé màmá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Mo ti wá ìdí mìíràn tó tóbi ju ìyẹn lọ kiri inú ara mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mi ò rí.

Ìgbà ooru ń kọjá lọ. Ó ku oṣù mẹ́ta kí òtútù dé, àbúrò mi tún yọ, ó ní òun wá kọ fọ́ọ̀mù kí àyè má baà tán. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi, ó fi orúnkún ṣe tábìlì. Mo rí i pé ó pẹ́ lórí ojú ìwé kejì. Ó kọ ọ́ tán, ó fún mi, ó ní oníbàárà kan ń dúró de òun, ó sáré lọ. Mo kà á. Ìbéèrè kọkànlá ní: "Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ọyàn yín tó le tàbí tó yàtọ̀ sí ibi tó kù?" Ìyá rẹ kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn: "Bẹ́ẹ̀ ni. Apá òsì, nísàlẹ̀. Ó tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Kò dùn mí."

Mo mọ ohun tó lè jẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tù ọ́ nínú pé bóyá mi ò mọ̀. Ọdún kẹsàn-án mi níbẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí fọ́ọ̀mù mẹ́rin tí nọ́ọ̀sì àgbà fi gègé pupa yí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ po, èmi gan-an ni mo sì pe àwọn obìnrin náà lórí fóònù pé kí wọ́n wá. Ti mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe nǹkan kan. Mo gbá ìyẹn mú, mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo sọ fún ara mi pé ti Dúdú yóò wà lára àwọn mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá rí i, wọn ó pè é kíá, wọn ó ní kí wọ́n yọ ohun tó wà níbẹ̀, wọn ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí wọ́n kúkú dín ọyàn kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Mo dìde. Mo ṣí àpótí aláwọ̀ eérú, mo fi fọ́ọ̀mù ìyá rẹ sínú rẹ̀, sẹ́yìn pátápátá. Mo ti ìdérí rẹ̀, mo sì jókòó. Ẹnì kan wá bu omi, ìgò dún gbùlù-gbùlù. Mo bi í pé ìgbà wo ló fẹ́.

Mo sọ fún Dúdú pé ìgbà òtútù yẹn ti kún fọ́fọ́. Ó ní, "Kò burú, kò kúkú pa mí." Kò kún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́rin ló ṣófo nínú rẹ̀. Mo rántí ọ̀kan dáadáa. Dókítà jáde wá síwájú tábìlì mi, ó nara, ó ní, "Ìyá Kàlẹ́ńdà, ṣé gbogbo èèyàn ti rẹwà tán ni? Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí mi lónìí?" Mo ní, "Kò sí, sà." Ó ní, "Ẹ pe ẹnì kan nínú àwọn ti ọdún tó ń bọ̀." Mo ní, "Mo ti pè wọ́n, sà. Ọwọ́ wọn ò dilẹ̀." Ó padà sínú yàrá rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gé èékánná. Láti ibẹ̀ dé ilé ìyá rẹ, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni.

Ìgbà ooru tún dé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá rẹ pè mí sí ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi í sábẹ́ ọyàn òsì rẹ̀ láti orí aṣọ. Ó ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án? Kì í ṣe bọ́tìnnì mọ́." Ó le. Ó tó ìdajì ẹyin. O wà nínú pálọ̀, ò ń kọ́ màmá wa ní orin ilé ìwé tí ẹnu rẹ̀ kò lè pè, ò ń bá a wí pé kò fetí sílẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dókítà ò lè kàn wò ó? Kó má tíì ṣe iṣẹ́ abẹ kankan, kó ṣáà wò ó." Ibi tí mo ti lè dúró nìyẹn, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, "Jẹ́ ká lọ lọ́la." Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ màmá nìkan mọ́ lásìkò yẹn. Bí dókítà bá bi í pé láti ìgbà wo, fọ́ọ̀mù yóò jáde, ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀lẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ni mo wá fi ń bá a lọ. Mo ní, "Ooru ló ń mú un wú. Gbogbo nǹkan ló ń wú nígbà ooru, ẹsẹ̀ èmi náà ń wú. Ìgbà òtútù ti fẹ́ dé, fọ́ọ̀mù rẹ sì wà níwájú." Ó wò mí lójú, ó gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ń wú, ẹ ò sọ?" Ó gbé omi kaná, ó da iyọ̀ sí i, ó bu ú sínú bàsíà, ó ní kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìdajì wákàtí ni mo fi jókòó síbẹ̀ tí mo ki ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan bọ omi, tí ìyá rẹ ń bi mí pé ṣé kò gbóná jù.

Mo rò pé o ti rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Kò tíì burú tó. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí òtútù dé, ó ku ọ̀la kí nọ́ọ̀sì àgbà gbé àpótí. Àwọn tó kù lọ jẹun lọ́sàn-án. Mo yọ fọ́ọ̀mù ìyá rẹ, mo ká a, mo fi í sínú báàgì mi. Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo mú òmíràn tó ṣófo lọ bá a. Mo ní ti àkọ́kọ́ ti sọnù. Ó ní, "Ẹ̀yin tí nǹkan ò sọnù lọ́wọ́ yín rí?" Ó gba gègé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Nígbà tó dé ìbéèrè kọkànlá, mo ní, "Kọ ọ́ pé oṣù tó kọjá lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i." Ó gbé gègé sókè. Ó ní, "Ṣebí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́, Dúdú. Wọ́n á ní mo rí i nínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, mi ò sọ." Máṣíìnì wà láàárín wa, ẹ̀wù kan tí kò tíì lápá wà lórí rẹ̀. Ó wá rọra béèrè pé, "Ṣé ẹ rí i ni?" Mo ní, "Rárá." Ó kọ ọ́ bí mo ṣe wí. Ó tún fọwọ́ pa mí lápá, bí ẹni ń tu ọmọ nínú, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni ò ní lé yín." Gbogbo ohun tí mo ṣe, ọmọ mi, èyí ni mo kà sí èyí tó burú jù. Mo gba ìwòsàn mọ́ ọn lọ́wọ́, mo tún ní kó bá mi purọ́ lé e, òun náà sì ń rọ̀ mí pé kí n má bẹ̀rù.

Nọ́ọ̀sì fa fọ́ọ̀mù náà yọ lọ́jọ́ tó rí i. Dókítà fọwọ́ wò ó, ó wo abíyá rẹ̀, ó sì dáwọ́ àwàdà dúró. Ó ní, "Oṣù kan péré? Ó yára o." Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé ọjọ́ mi lápá. Ó tún bi í pé, "Ṣé ó dá yín lójú?" Ìyá rẹ kò wo ibi tí mo wà. Ó ní, "Ó dá mi lójú, sà. Iṣẹ́ aṣọ ló pọ̀, èmi ni mi ò fi ara balẹ̀ wo ara mi." Dókítà kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. Wọ́n gé ọyàn òsì rẹ̀ kúrò pátá nínú ìgbà òtútù yẹn. Kí n sọ ọ́ fún ọ nítorí pé ìwọ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbà: ọgbẹ́ náà jinná dáadáa, òógùn kò ṣàn sí i, kò wú, ojú àpá rẹ̀ mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ yìn ín. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti rìn dé ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mọ́kànlá ló lò sí i. Ọjọ́bọ̀ kan ló lọ, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ẹnì kan ń gbá ìta. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn kò ní ẹ̀sùn kankan nínú. Ó ní kí n máa di irun rẹ lọ́jọ́ Àìkú kí o má baà pẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Màmá náà, apá òsì ni kẹ́ ẹ ti máa gbé e o. Ẹ má fa apá ọ̀tún, ó ń dùn ún." Mo gbé màmá wa fún ọdún mẹ́rin kó tó kú. Apá òsì ni mo ti ń gbé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo sá fún.

Ìwọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bi mí pé kí ló pa ìyá rẹ. Mo ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Ohun tí mo sọ fún gbogbo aládùúgbò náà nìyẹn, torí bí mo bá ní ọyàn ni, ẹni tó gbọ́n díẹ̀ yóò bi mí pé ṣebí ibi iṣẹ́ ọyàn ni mo wà. Bàbá rẹ ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjì, kò sẹ́ni tó tún wádìí. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ sì ti rán tìmùtìmù sínú kọ́mú lápá òsì, kí ìwọ àti aládùúgbò má baà mọ̀ pé wọ́n gé e. Láàárín oṣù mẹ́ta, o bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Mọ́mì. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Mo dáhùn.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ṣe irú èyí kì í rí oorun sùn. Mo ń sùn. Mo ń jẹun, mo ń bá aládùúgbò ṣàwàdà, mo jókòó síwájú tábìlì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, mo ń sọ fún obìnrin lẹ́yìn obìnrin pé ìgbà òtútù ló dáa jù. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú ìyá rẹ, wọ́n ní mo gboyà. Ibì kan nínú mi ti kú bí apá téèyàn fi ṣe ìrọ̀rí sùn. Mo ti ń dúró láti ìgbà náà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, kí n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti padà síbẹ̀. Kò ta mí. Bí mo ṣe ń kọ èyí fún ọ gan-an, ọwọ́ mi kò gbọ̀n, tíì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú ń tì mí pé n kò lè sunkún fún ọ kí o lè rí i pé mo kábàámọ̀. Mo kábàámọ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè fi hàn ju kí n sọ ọ́.

Ohun tó lé mi dìde lọ́jọ́ Ajé ni èyí. Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán fọ́ọ̀mù rẹ kí n lè kà á. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kò sí lórí tiwa láyé ìgbà náà: "Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí?" O kọ "Rárá" síbẹ̀. O fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ Rárá yẹn, ọmọ mi, ìwọ kàn gbé gègé ni. Nítorí rẹ̀, dókítà tó bá kà á yóò rò pé ọmọ tí ewu kò sún mọ́ ló wà níwájú òun. Yóò ní kí o lọ mú oṣù tó bá wù ọ́.

Bí o kò bá fẹ́ pè mí ní Mọ́mì mọ́, mo gbà. Bí o kò bá fẹ́ rí mi sójú fún ọdún kan tàbí títí láé, mo gba ìyẹn náà. Dárí jì mí bí o bá lè, mo ń bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má fi ìyẹn ṣe ohun àkọ́kọ́. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń wá oṣù, ẹ má gba ọjọ́ lẹ́nu ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò mọ ohun tó ń sá fún. Lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́la, nínú ooru yìí, kí wọ́n fọwọ́ wò ọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ọ sọ̀rọ̀ ẹwà. Fọ́ọ̀mù tí mo jí wà nínú apòòwé yìí, èyí tí ìyá rẹ kọ́kọ́ kọ. Mú un dání fún wọn. Kó o tó jáde nílé, mú gègé, fa igi lórí Rárá. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi." Wọ́n á bi ọ́ ní ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó kú. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni.